Ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn yẹn wúlò: bí ẹ ṣe lè fi bakitéríà yọ síńkì, òjé àti bàbà kúrò nínú omi ìdọ̀tí iléeṣẹ́

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí nípa iṣẹ́ yìí ni pé, "Ṣé bakitéríà yẹn á jẹ irin náà tán ni?" Rárá o. Irin kì í jẹrà. Èèpo ẹ̀gẹ́ á jẹrà, òkú ẹran á jẹrà, epo rọ̀bì tó dà sílẹ̀ pàápàá, àwọn bakitéríà kan wà tó máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n òjé tó bá wọ inú omi lónìí, òjé náà ló máa jẹ́, kò sí ohun ẹlẹ́mìí tó lè sọ ọ́ di nǹkan míì. Ohun tí bakitéríà lè bá wa ṣe ni pé kó mú irin tó ti yọ́ mọ́ omi, tí ojú ò rí, kó sọ ọ́ di ẹ̀rún tó máa sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀ bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu, kí omi òkè wá bọ́ lọ́wọ́ irin. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́kàn yín bí ẹ ṣe ń kà á lọ, torí ibi tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn máa gbà lọ nígbẹ̀yìn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ba iṣẹ́ tó dáa jẹ́.

Omi iléeṣẹ́ páànù ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, àwọn tó ń ri irin bọ inú síńkì gbígbóná kó má baà dípẹtà. Kí wọ́n tó ri irin bọ síńkì, wọ́n á kọ́kọ́ fi ásíìdì bó ìpẹtà ara ẹ̀, wọ́n á wá fi omi ṣàn án, omi ìṣàn yẹn ló máa ń kún fún ásíìdì, irin lásán àti síńkì, nígbà míì òjé díẹ̀ àti kádímíọ̀mù náà á wà ńbẹ̀ torí wọ́n máa ń bá síńkì wá láti ilẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ń fi bàbà tàbí nikẹ́ẹ̀lì bo irin, omi tiwọn náà lè gba ọ̀nà yìí, pẹ̀lú ìkìlọ̀ kan tí mo máa sọ láìpẹ́.

Bakitéríà tí à ń lò, àwọn tó ń mí súlúféètì ni. Bí àwa ṣe ń mí ọ́síjìn, súlúféètì (súlúfọ̀ tó so mọ́ ọ́síjìn) làwọn ń mí, wọ́n á jẹun, wọ́n á wá tú gáàsì háídrójìn súlúfáìdì jáde, òun náà ni òórùn ẹyin tó bàjẹ́ tí ẹ máa ń gbọ́ tí ẹ bá fi igi ro ìsàlẹ̀ gọ́tà tó ti dá dúró. Desulfovibrio ni orúkọ ìdílé wọn tó gbajúmọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ ò nílò láti rà wọ́n níbì kankan, wọ́n ti wà nínú ẹrẹ̀ dúdú etí ọ̀sà àti àbàtà. Súlúfáìdì tí wọ́n tú jáde yẹn, tó bá ti pàdé síńkì, òjé, bàbà, kádímíọ̀mù tàbí nikẹ́ẹ̀lì nínú omi, ńṣe ni wọ́n máa so mọ́ra di ẹ̀rún tí kò fẹ́ yọ́ mọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i bó ṣe rí, ẹ wo tìróò. Tìróò dúdú tí àwọn ìyá wa ń lé sójú, ọ̀pọ̀ ẹ̀ jẹ́ òjé tó so mọ́ súlúfọ̀, òkúta kan náà tí wọ́n ń wà jáde nílẹ̀ lápá Abakaliki. Ìyẹn ni pé bakitéríà kàn ń dá òjé padà sí bí ilẹ̀ ṣe tọ́jú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kankan má rò pé tó bá ti di òkúta ó ti bọ́ lọ́wọ́ májèlé: ní 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rí òjé lára ọmọ ọwọ́ kan tí òbí ẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tìróò tí wọ́n ń lé fún un ni, wọ́n yẹ tìróò náà wò, ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ ni òjé. Omi lásán ò lè yọ́ ọ dáadáa, àmọ́ ásíìdì inú ikùn èèyàn lè yọ́ ọ.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àlá o. Ní Budel, lórílẹ̀-èdè Netherlands, iléeṣẹ́ kan tó ń yọ́ síńkì bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú bakitéríà yìí ní 1992 láti fọ omi abẹ́ ilẹ̀ tí síńkì àti súlúféètì ti bà jẹ́ lábẹ́ ọgbà wọn, àwọn ẹ̀rún síńkì tí wọ́n sì rí kó níbẹ̀, wọ́n dá a padà sínú iná tí wọ́n fi ń yọ́ síńkì, ó di ọjà. Ní Leviathan, ibi ìwakùsà àtijọ́ kan lórí òkè ní California, ọtí ẹtánọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń bọ́ bakitéríà nínú kòtò tí wọ́n kó òkúta kún. Tiwa máa kéré jùyẹn lọ, dúrọ́ọ̀mù 200 lítà kan péré, èyí tẹ́ ẹ lè fi mọ̀ bóyá omi yín á gbọ́ràn kẹ́ ẹ tó náwó ńlá.

Ó dáa, ìkìlọ̀ yẹn wá, ẹ má fo ibí yìí.

Tí omi yín bá ní mẹ́kúrì nínú, ẹ má lo ọ̀nà yìí rárá. Àwọn bakitéríà tó ń mí súlúféètì yìí gan-an wà lára àwọn tó máa ń sọ mẹ́kúrì di mítáìlì mẹ́kúrì nínú ẹrẹ̀, irú májèlé tó wọ inú ẹja ní Minamata ní Japan, tí wọ́n rí àìsàn ẹ̀ lára àwọn èèyàn ní 1956. Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá Ìjẹ̀ṣà níbi tí wọ́n ti ń fi mẹ́kúrì fọ góòlù, dúrọ́ọ̀mù yìí kì í ṣe tiyín. Ìkejì, àwọn tó ń bo irin máa ń lo sáyánáìdì nínú omi bàbà àti omi síńkì wọn nígbà míì. Omi tó ní sáyánáìdì ò gbọdọ̀ pàdé ásíìdì láé, kódà nínú gọ́tà, gáàsì tó máa jáde níbẹ̀ ń pààyàn lójú ẹsẹ̀. Kí páìpù méjèèjì má mọ ara wọn rí. Ìkẹta ni gáàsì bakitéríà yìí fúnra ẹ̀. Ẹ máa gbọ́ òórùn ẹ̀ nígbà tí kò tíì pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n tó bá ti tó bíi 100 nínú mílíọ̀nù kan nínú afẹ́fẹ́, imú ò ní gbọ́ ọ mọ́, èèyàn á rò pé ó ti lọ, ó wà ńbẹ̀, tó bá sì wọ ọgọ́rùn-ún márùn-ún sókè ó lè gbé èèyàn ṣubú kíá. Ìta gbangba lẹ máa gbé dúrọ́ọ̀mù yìí sí, kì í ṣe inú yàrá, kì í ṣe abẹ́ fèrèsé ẹnì kan, ẹ má sì bẹ orí wọ inú ẹ̀. Ẹni tí ò bá tíì ṣe irú ẹ̀ rí, kó wá onímọ̀ kẹ́mísìrì tàbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láàbù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ mọ omi yín. Ẹ bu omi náà lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láàárọ̀ nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, lọ́sàn-án, àti ọjọ́ tí wọ́n bá da táǹkì ásíìdì àtijọ́ nù, torí omi ọjọ́ yẹn kì í jọ ti ọjọ́ yòókù rárá, òun ló máa ń pa bakitéríà. Ẹ gbé e lọ sí láàbù tó ní AAS, ẹ̀rọ tó ń wọn irin inú omi, ẹ ní kí wọ́n wo síńkì, òjé, kádímíọ̀mù, bàbà, nikẹ́ẹ̀lì, irin lásán àti súlúféètì, kí wọ́n sì wo pH, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ásíìdì omi ṣe le tó (bó bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó). Èyí tí wọ́n fẹ́ wo irin nínú ẹ̀, wọ́n á kán ásíìdì náítíríìkì sí i kí pH ẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ 2, kí irin má baà lẹ̀ mọ́ ara ìgò kó tó débẹ̀. Ẹ má fi ìgò kan náà wo súlúféètì o, ìgò tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ bi wọ́n ní iléeṣẹ́ irú ásíìdì tí wọ́n ń lò. Tó bá jẹ́ ásíìdì súlúfúríìkì, súlúféètì ti wà nínú omi lọ́pọ̀ yanturu, oúnjẹ nìkan ló kù. Tó bá jẹ́ ásíìdì háídróklóríìkì, súlúféètì ò tó, bakitéríà ò ní rí nǹkan mí, ẹ̀yin lẹ máa fún wọn. POP tí wọ́n fi ń ṣe síìlì ilé, jípúsọ̀mù ni, súlúféètì ló wà nínú ẹ̀, ẹ fọ́ èyí tó ti gan wẹ́wẹ́ kẹ́ ẹ dà á pọ̀ mọ́ ohun tó máa wọ inú dúrọ́ọ̀mù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, kò le. Ká ní síńkì 100 mílígíráàmù ló wà nínú lítà omi kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀ ń wá súlúfáìdì kan, tá a bá sì yí i sí ìwọ̀n, 100 mílígíráàmù síńkì máa gba nǹkan bíi 147 mílígíráàmù súlúféètì. Kí bakitéríà tó lè yí súlúféètì yẹn padà, ó gbọ́dọ̀ jẹun. Tó bá jẹ́ ẹtánọ́ọ̀lù ni oúnjẹ, tó sì jẹ ẹ́ tán pátápátá, 47 mílígíráàmù á tó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ò jẹ ẹ́ tán, wọ́n máa ń fi ábọ̀ oúnjẹ sílẹ̀ bí ọmọ tó jẹ ẹran tán tó wá pa ẹ̀bà tì, ásítéètì ló máa ṣẹ́kù, torí náà mo máa ń fún wọn ní ìlọ́po mẹ́ta, bíi 140 mílígíráàmù fún lítà kan. Bẹ́ẹ̀ ni, ògógóró náà ẹtánọ́ọ̀lù ni, ó ṣeé lò, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ máa wá ṣọ́. Omi ṣúgà dúdú tí wọ́n ń pè ní molásíìsì náà dáa ó sì pọ́ọ́kú. Omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fún nígbà tí wọ́n ń ṣe gààrí ńkọ́? Wọ́n máa ń bi mí gan-an, torí ó wà lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n sáyánáìdì wà nínú omi yẹn, mi ò ní fi bẹ̀rẹ̀.

Kí omi tó wọ dúrọ́ọ̀mù, ẹ bọ́ ásíìdì lára ẹ̀. Àwọn bakitéríà yìí fẹ́ pH láàárín 6.5 sí 8, omi ìṣàn páànù sì lè wà ní 2. Ẹ da omi láìmù (ẹfun tí wọ́n ti sun, kì í ṣe ọsàn láìmù) sí i díẹ̀díẹ̀ nínú táǹkì kan, ẹ máa ro ó títí pH ẹ̀ á fi tó 6 (òkúta ẹfun tó máa wà nínú dúrọ́ọ̀mù ló máa gbé èyí tó kù), irin lásán á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bíi ẹrẹ̀ pupa, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ fa omi òkè. Tẹ́ ẹ bá fo ìpele yìí, irin pupa yẹn á lọ bo òkúta inú dúrọ́ọ̀mù bí ẹni kun ún ní ọ̀dà, òkúta náà ò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Àwọn kan á ní, ẹ̀yin ẹ kúkú da láìmù sí i títí pH á fi tó 9, ṣebí síńkì náà á sọ̀kalẹ̀? Òótọ́ ni, á sọ̀kalẹ̀. Tí omi yín bá kéré tó sì ki, bíi kẹ́ẹ̀gì díẹ̀ lọ́sẹ̀, láìmù ló máa dín ìnáwó yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bakitéríà tàn yín. Àmọ́ ẹrẹ̀ láìmù máa ń wú bí ògì, omi ló pọ̀ nínú ẹ̀, kíkó ẹ̀ dànù wáhálà ni, tẹ́ ẹ bá sì fi láìmù kọjá ààlà síńkì á tún yọ́ padà, bẹ́ẹ̀ kádímíọ̀mù ń dúró de pH tó tún ga ju ìyẹn lọ. Súlúfáìdì ò ní àṣejù báyẹn, ó máa ń fà wọ́n wálẹ̀ lápapọ̀ dé ibi tí láìmù ò lè dé. Omi tó pọ̀, tí irin inú ẹ̀ ò pọ̀, tó ń ṣàn lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni bakitéríà ti ń jẹ́ ọ̀gá.

Dúrọ́ọ̀mù wá. Ẹ wá dúrọ́ọ̀mù oníke aláwọ̀ búlúù tí ìdérí ẹ̀ ń yí pa, kì í ṣe onírin, gáàsì yẹn á jẹ onírin. Ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀, ẹ fi páìpù àti fáàfù sí i, ibẹ̀ lomi máa gbà wọlé, ihò kejì sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ló máa gbà jáde. Omi gbọ́dọ̀ máa gun òkè ni, kó má ṣe wá látòkè, torí tó bá ń tòkè bọ̀ á máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, ọ́síjìn sì ni ọ̀tá àwọn bakitéríà yìí. Mo máa ń gbé táǹkì tó ń fún un lómi sórí búlọ́ọ̀kù kó ga ju dúrọ́ọ̀mù lọ, kí omi máa fi ìwúwo ara ẹ̀ wọlé, kò sí pọ́ǹpù, kò sí ọ̀rọ̀ pé wọ́n ti mú iná lọ.

Ìsàlẹ̀ pátápátá, òkúta wẹ́wẹ́ bíi ìwọ̀n ọwọ́ méjì. Lórí ẹ̀, ẹ po nǹkan wọ̀nyí pọ̀: garawa márùn-ún ẹ̀là igi tó ń jábọ́ ní sọ́ọ̀mílì (ẹ̀là ni o, ìyẹ̀fun ẹ̀ tó kúnná jù á dí ọ̀nà omi), garawa méjì òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì tẹ́ ẹ ti fọ́, garawa méjì ìgbẹ́ màlúù, àti garawa kan ẹrẹ̀ dúdú. Ẹrẹ̀ yẹn ni irúgbìn. Ẹ wá a lọ sí etí ọ̀sà tàbí àbàtà, ẹ wa ilẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà kan títí ẹ máa fi kan èyí tó dúdú bí èédú tó ń rùn, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì kẹ́ ẹ dé e pa lójú ẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kó gbẹ. Ẹrẹ̀ tó dára jù ni ti gọ́tà iléeṣẹ́ fúnra ẹ̀, torí àwọn tó wà níbẹ̀ ti mọ irin ọ̀hún tẹ́lẹ̀.

Níbí mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe pùrójẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ máa ń lọ bu ilẹ̀ wá, ẹ á gbìn ín sórí páléètì tó ní òjé, èyí tó bá hù ẹ á ní òun ló máa yọ òjé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1976, wọ́n rí bakitéríà kan nínú táǹkì iléeṣẹ́ síńkì kan ní Belgium, Cupriavidus metallidurans ni wọ́n ń pè é báyìí, ó lágídí débi pé irin tó ń pa àwọn yòókù kì í tu irun kan lára ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà pàtàkì tó ń gbà yè é ni pé ńṣe ló ń ti irin jáde kúrò nínú ara ẹ̀ padà sínú omi. Bakitéríà tí irin ò pa yàtọ̀ sí bakitéríà tó ń bá yín kó irin. Inú omi lẹ ti máa wọn èyí tó ṣẹ́ kù, kì í ṣe orí páléètì.

Ẹ dé dúrọ́ọ̀mù pa. Lójú ìdérí, ẹ fi ọ̀pá kékeré kan jáde fún gáàsì, kí ọ̀pá náà gba inú ike tẹ́ ẹ kó irin oníwáyà tó ti dípẹtà kún kọjá, ìpẹtà yẹn máa ń gba súlúfáìdì mọ́ra, á di dúdú, tó bá ti dúdú tán ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ rẹ èyí tẹ́ ẹ yọ sómi kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ nù torí ó máa ń gbóná tó bá rí afẹ́fẹ́.

Kí ẹ má tíì fi omi iléeṣẹ́ sí i. Omi bóòhóòlù lẹ máa kọ́kọ́ fi kún un, kì í ṣe omi ẹ̀rọ ìjọba tó ní kílórínì, pẹ̀lú POP díẹ̀ àti ìbù ọtí kan, ẹ dé e, ẹ gbàgbé ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ojú ọjọ́ tiwa dáa fún wọn, wọ́n fẹ́ràn ooru, àwọn òyìnbó lọ́nà jíjìn réré ló ń bá òtútù jà. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ti jí: omi tó ń jáde á ṣókùnkùn, á máa rùn, wáyà bàbà tẹ́ ẹ fi yanrìn ha títí ó fi ń dán, tẹ́ ẹ bá fi kọ́ sínú ìgò omi náà di ọjọ́ kejì, á dúdú. Tẹ́ ẹ bá ní mítà ORP (ó ń fi hàn bí omi ṣe bọ́ lọ́wọ́ ọ́síjìn tó), á lọ sí ìsàlẹ̀ òdo dáadáa, bíi −200 mílífóòtù.

Dúrọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tí mo ṣe nínú ayé mi, ó kú, èmi ni mo pa á. Ọjọ́ kẹsàn-án lásán ni, ọ̀gá ń yọ mí lẹ́nu pé òun fẹ́ rí èsì, mo bá da omi iléeṣẹ́ sí i bó ṣe wà, láì bu omi là á. Lọ́jọ́ kẹta òórùn lọ, omi mọ́ gaara, inú mi dùn débi pé mo yà á ní fọ́tò. A gbé e dé láàbù, síńkì tó wọlé náà ló jáde. Òórùn lọ torí pé àwọn bakitéríà ti kú, kò sí nǹkan míì. Láti ọjọ́ yẹn, tí dúrọ́ọ̀mù mi ò bá rùn díẹ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Torí náà ẹ fi sùúrù wọlé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, apá kan omi iléeṣẹ́ sí apá mẹ́sàn-án omi bóòhóòlù. Tí èsì bá dáa, ìdá kan nínú mẹ́rin, lẹ́yìn ẹ̀ ìdajì, lẹ́yìn ẹ̀ gbogbo ẹ̀. Bàbà ló ń pa wọ́n jù nínú àwọn irin yìí, tí bàbà bá pọ̀ nínú omi yín, ẹ máa bu díẹ̀ nínú omi tó ti jáde padà sínú táǹkì àkọ́kọ́, súlúfáìdì tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀ á ti mú bàbà kó tó kan bakitéríà lára.

Báwo lomi tó ń wọlé ṣe máa pọ̀ tó? Tẹ́ ẹ bá kó nǹkan tó 150 lítà sínú dúrọ́ọ̀mù, àlàfo tómi lè dúró sí láàárín ẹ̀ á tó bíi ìdajì, 75 lítà. Mo fẹ́ kí omi lo ọjọ́ mẹ́ta nínú ẹ̀, ìyẹn jẹ́ 25 lítà lójúmọ́, ó lé díẹ̀ ní lítà kan ní wákàtí kan, ẹ rọra yí fáàfù títí tó fi máa ń kán báyẹn. Oúnjẹ tó tọ́ sí 25 lítà yẹn, pẹ̀lú ìṣirò tá a ṣe lókè, ò ju 3.5 gíráàmù ẹtánọ́ọ̀lù lọ, ṣíbí tíì méjì ògógóró àti díẹ̀ sí i. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ̀là igi àti ìgbẹ́ màlúù á bọ́ wọn, ọtí ò pọn dandan, ìgbà tí súlúfáìdì bá ń relẹ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀.

Omi tó jáde kò tíì parí o. Súlúfáìdì tó ṣẹ́ kù wà nínú ẹ̀, ẹja ò lè gbé inú ẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣàn gba orí àtẹ̀gùn òkúta bíi mẹ́rin márùn-ún kó rí afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà kó gba inú yanrìn. Yanrìn yẹn ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, torí ẹ̀rún súlúfáìdì síńkì kúnná débi pé ó lè léfòó nínú omi kó máa bá a lọ. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ sí láàbù, ẹ ní kí wọ́n wọn èyí tí wọ́n sẹ́ àti èyí tí wọn ò sẹ́. Tí èyí tí wọn ò sẹ́ bá pọ̀ tí èyí tí wọ́n sẹ́ kéré, bakitéríà ṣiṣẹ́ tiwọn, asẹ́ yín ni ò ṣiṣẹ́. Tí méjèèjì bá pọ̀, bakitéríà ni kẹ́ ẹ lọ bi: ẹ wo pH, ẹ wo oúnjẹ, ẹ wo bóyá afẹ́fẹ́ ń wọlé níbi ìdérí. Òṣùwọ̀n tí omi gbọ́dọ̀ dé kó tó wọ gọ́tà, ẹ gba ìwé ẹ̀ lọ́wọ́ NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, tàbí àjọ àyíká ìpínlẹ̀ yín. Mímu kọ́ o, omi yìí kì í ṣe mímu: fún omi mímu, àjọ ìlera àgbáyé ò fẹ́ kí òjé kọjá 10 máíkírógíráàmù nínú lítà kan.

Kúrómíọ̀mù yàtọ̀ díẹ̀. Èyí tó pọ́n bí òféèfèé, tí wọ́n fi ń bo irin kó máa dán, kì í di súlúfáìdì, ṣùgbọ́n súlúfáìdì máa ń yí i padà sí irú aláwọ̀ ewé tí oró ẹ̀ kéré, ìyẹn á wá sọ̀kalẹ̀ tí pH bá wà láàárín 7 sí 9. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ kí ẹ ya omi ẹ̀ sọ́tọ̀, dúrọ́ọ̀mù tiẹ̀ náà sọ́tọ̀.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló kù. Pẹ̀lú 25 lítà lójúmọ́, síńkì tó máa wà nínú dúrọ́ọ̀mù yín lẹ́yìn ọdún kan ti ń lọ sí 900 gíráàmù, gbogbo ẹ̀ á dúdú torí irin lásán tó bá a pọ̀, síńkì tiẹ̀ fúnra ẹ̀ funfun. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kó o jáde tí wọ́n sá a sóòrùn kó lè fúyẹ́, tí wọ́n wá dà á sẹ́yìn ọgbà. Ìyẹn ni pé wọ́n ti fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lásán, torí tí ẹ̀rún yẹn bá rí afẹ́fẹ́ àti òjò, súlúfáìdì á tún di súlúféètì, ásíìdì á jáde, síńkì àti òjé á yọ́ padà, wọ́n á gba inú ilẹ̀ lọ sí kànga aládùúgbò. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ. Ẹ rọ ọ́ tòun tomi ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù míì tó dé pa, ẹ kọ ohun tó wà ńbẹ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ rọ ọ́ sára ẹ̀, ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé, ẹ fi lé ẹni tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti kó ẹ̀gbin olóró lọ́wọ́. Tó bá pọ̀ tó, ẹ bi àwọn tó ń yọ́ irin bóyá wọ́n á rà á.

Kẹ́ ẹ tó kó gbogbo ẹ̀ jáde, ẹ bu kẹ́ẹ̀gì kan pamọ́ látàárín ẹ̀, ẹ kún un dé ẹnu kí afẹ́fẹ́ má sí ńbẹ̀, ẹ dé e pa. Òun ni irúgbìn dúrọ́ọ̀mù tó kàn, àwọn tó wà nínú ẹ̀ ti mọ omi yín, wọn ò ní gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ́ kí wọ́n tó jí.